Ṣé Bíbélì ló ní kí gbogbo owó ìjọ máa lọ sí hẹdikọ́tà ni?

ọmọ_kúáyà
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ má bínú tó bá gùn. Ẹ̀ka ni ìjọ tí mò ń lọ, a ò pé 80 tá a bá ka ọmọdé mọ́ ọn. Tó bá ti dìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, akápò á ka owó tán, á yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún epo jẹnẹrétọ̀, ìyókù, orí fóònù níbẹ̀ lójú wa ló ti ń fi ránṣẹ́ sí hẹdikọ́tà. Ó dáa. Àmọ́ páànù tó wà lókè ibi tí kúáyà ń jókòó ti lu látoṣù kẹrin, ọ̀rá la fi ń bo kíbọ́ọ̀dù, ìyá kan wà tó máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá látilé, tá a bá ń kọrin ẹ ó máa gbọ́ tó, tó, tó. A ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní ká máa retí àṣẹ látòkè. Páànù mẹ́fà péré o!

Mo wá bi pásítọ̀ wa pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a ò lè yọ owó páànù ká tó fi ìyókù ránṣẹ́ ni. Hébérù 13:17 ni wọ́n kà fún mi, pé ká máa gbọ́ tàwọn tó ń ṣe olórí wa. Mi ò bá wọn jiyàn, èèyàn dáadáa ni wọ́n, òjò náà ń pa àwọn náà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé Bíbélì ló là á sílẹ̀ pé ibì kan ṣoṣo ni kí àṣẹ àti owó wà, àbí ètò èèyàn ni, a kàn wá ẹsẹ Bíbélì lé e lórí? Mi ò wá bú ẹnikẹ́ni o.

Onítẹ̀bọmi_ni_mí
Ọ̀rẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìpàdé ìjọ ló ń pe pásítọ̀, òun náà ló ń dìbò lórí bí wọ́n ṣe máa náwó, bí páànù bá lu lónìí ẹnìkan á dìde sọ ọ́, wọ́n á na ọwọ́ sókè, ó parí. Ọ̀ràn yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1888 ní Èkó, àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan yapa kúrò lábẹ́ òyìnbó míṣọ́nnárì, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, Mójọlà Àgbébí wà lára wọn. Ẹ wá wo èyí: nígbà tí àwọn ìjọ kóra jọ lọ́dún 1914 láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Àgbébí yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Torí náà kí ìjọ máa dá ṣe nǹkan ẹ̀ ò ní kó má bá ẹlòmíì ṣe pọ̀. Páànù yín, ẹ kàn án jàre.

Baba_Ọ́gánù
Ọmọ mi Onítẹ̀bọmi, rọra o. Ṣọ́ọ̀ṣì Anglican ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti sin mí. Ká ní kálukú ń dá ṣe tiẹ̀ ni, ta ló fẹ́ parí ìjà lórí ìdádọ̀dọ́ tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15? Jerúsálẹ́mù ni wọ́n lọ, ibẹ̀ náà ni lẹ́tà ti jáde. Àmọ́ ẹ kà á dáadáa, Pétérù sọ tiẹ̀, Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ròyìn ohun tójú wọn rí lóko iṣẹ́, Jákọ́bù tó dìde kẹ́yìn. Wọ́n gbọ́ tẹnu ẹ̀ka kí wọ́n tó pàṣẹ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther fún yín. Ọdún 1864 ni wọ́n fi bàbá yẹn joyè bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó fi máa di 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí hẹdikọ́tà rán wá sí Náíjà, odò Ọya ni mò ń wí o, ń lé àwọn òṣìṣẹ́ bàbá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù jókòó síbẹ̀ wọn ò kà á sí. Ìparí 1891 ni bàbá kú. Lọ́dún 1892, àwọn ìjọ tó wà ní Delta, tí ọmọ bàbá, Dandeson Crowther, jẹ́ olórí wọn, ní àwọn ò sí lábẹ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Anglican tó rán àwọn òyìnbó yẹn wá, mọ́, àwọn á máa bójú tó ara àwọn. Wọn ò kúrò nínú Anglican o. Wọ́n kàn ní owó tí àwọn dá, àwọn á máa ná an. Ohun tí mo fẹ́ kí ìwọ ọmọ kúáyà yìí rí nìyẹn, kì í ṣe dandan kéèyàn fìbínú jáde.

Ìyá_Ìbejì_London
Ẹ jẹ́ kí n da omi tútù sí i díẹ̀. Èmi àti ọkọ mi ti kúrò ní ìjọ ńlá kan tẹ́lẹ̀ torí ọ̀rọ̀ hẹdikọ́tà yìí náà, a bá pásítọ̀ kan lọ sí họ́ọ̀lù kékeré, àwa bíi 30, inú wa ń dùn pé a ti dòmìnira. Ọdún kejì la tó mọ̀ pé orúkọ pásítọ̀ àti ìyàwó ẹ̀ nìkan ló wà lórí akáǹtì. Kò sí kọ̀mítì, kò sí ìpàdé, tẹ́ ẹ bá bi í léèrè á ní Ọlọ́run ló bá òun sọ̀rọ̀. Hẹdikọ́tà tá a ń sá fún, inú họ́ọ̀lù wa ló kúkú ń gbé! Ìjọ tí mò ń lọ báyìí lẹ́ka lókè òkun, ìjọba ibí ní kí ìjọ tó bá forúkọ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ àánú máa fi ìṣírò owó ẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún, mo lè ṣí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n wo ohun tó wọlé àtohun tó jáde. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju kéèyàn máa pariwo òmìnira lọ.

akẹ́kọ̀ọ́_Bíbélì
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin yẹn ti gbá a mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà síbi owó, torí Bíbélì sọ̀rọ̀ lórí owó tí ẹ̀ka ń fi ránṣẹ́. Kọ́ríńtì Kìíní 16: ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, kí kálukú ya tiẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù. Ṣé ẹ rí i pé owó lọ sí hẹdikọ́tà lóòótọ́? Ṣùgbọ́n àwọn tálákà ibẹ̀ ni wọ́n dá a fún, kì í ṣe pé Jerúsálẹ́mù bu owó orí lé wọn. Ẹsẹ 3 sì ni kẹ́ ẹ wò, àwọn ará Kọ́ríńtì fúnra wọn ló máa yan àwọn tó máa gbé owó lọ. Tẹ́ ẹ bá dé Kọ́ríńtì Kejì 8, ẹ ó rí i tí Pọ́ọ̀lù ń ṣàlàyé pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan sọ sóun lórí owó ńlá yẹn. Àpọ́sítélì lódindi o, ó ṣì gbà kí wọ́n fi ẹlòmíì ti òun.

Ti Hébérù 13:17, òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ yẹn ò dúró síbi ká gbọ́ràn, ó ní àwọn olórí náà máa jíhìn. Kí wọ́n kà á dópin.

ọmọ_kúáyà
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Baba Ọ́gánù, mo gbọ́, mi ò ní fìbínú jáde. Mo ka Kọ́ríńtì Kìíní 16 fún akápò wa lórí fóònù lálẹ́ àná, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní “a ò tíì bi wọ́n léèrè rí pé kí ni wọ́n ń fowó ṣe.” A ti jọ kọ lẹ́tà kẹrin. Èyí ò bẹ̀bẹ̀ páànù, ìṣírò ọdún tó kọjá la ní ká rí. Pásítọ̀ kà á, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ sí i, èyí tí mi ò retí rárá. Àwọn ọkùnrin sì ti dáwó páànù láàárín ara wọn, kò gba ọwọ́ akápò kọjá. Káfíńtà ní Sátidé lòun ń bọ̀, àmọ́ òjò ti ń ṣú níbí, ẹ jẹ́ n sáré lọ fi ọ̀rá bo kíbọ́ọ̀dù.