Iṣẹ́ wo ló wà fún ẹni tí àyà rẹ̀ kì í já, tó sì fẹ́ máa rìnrìn àjò?

Ẹni tó béèrè (kò fẹ́ ká dárúkọ òun):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún 27 ni mí, báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, nídìí kàǹtà tí wọ́n ti ń sanwó. Ẹ ó rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí wọ́n ń gba owó àtijọ́ tí tuntun ò sì tó. Lọ́jọ́ kan, àwọn oníbàárà já ilẹ̀kùn wọlé. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sá wọ ẹ̀yìn. Èmi dúró, mò ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà inú wọn, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ ká tò ó," títí ara wọn fi rọ̀. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Mo délé, mo jẹun, mo sùn fọnfọn. Àmọ́ ìjókòó ojú kan ti sú mi. Kútọnu ni ibi tó jìnnà jù tí mo tíì dé. Màmá mi ní obìnrin alárìnkiri kì í tètè rí ọkọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àǹtí Rẹ̀mí:
Àbúrò, inú bàálù ni tìẹ, iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú èrò níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Ẹ̀rín àti ìpín oúnjẹ làwọn èèyàn ń rí. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí irú bàálù ńlá kan, ó gbọ́dọ̀ hàn pé gbogbo èrò inú rẹ̀ lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, pẹ̀lú ìdajì ilẹ̀kùn ní títì. Àwa la máa pariwo pé "Ẹ fi ẹrù sílẹ̀!" Èèyàn á sì tún fẹ́ gbé báàgì o! Àmọ́ má rò pé wàá rí ìlú. Mo dé Lọ́ńdọ̀nù bí ìgbà ogún, òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá pápákọ̀ òfuurufú ni mo mọ̀ níbẹ̀.

Alásè Ojú Omi:
Èmi ń se oúnjẹ fáwọn tó ń wa epo lójú òkun. Ọjọ́ 28 lọ́hùn-ún, ọjọ́ 28 nílé. Hẹlikọ́pítà ló ń gbé wa, o ò sì ní wọ̀ ọ́ láìṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tá à ń pè ní HUET, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń jáde nínú hẹlikọ́pítà tó bá já sómi. Wọ́n á dè ẹ́ mọ́ àga nínú nǹkan bíi hẹlikọ́pítà, wọ́n á rì í sómi, á dojú dé. Omi á kún imú ẹ. Wàá fi ọwọ́ kan di etí fèrèsé mú, o ò sì ní tú bẹ́líìtì títí gbogbo ẹ̀ á fi dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá kánjú tú u, omi á gbé e kúrò nídìí fèrèsé. Ọkùnrin kan tó fi gíga jù mí lọ sunkún lójú mi. Èmi náà sunkún, àmọ́ mo dé òtẹ́ẹ̀lì ná.

Ẹ̀gbọ́n Atukọ̀:
Ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ tó wà ní Oron ni mo ti kàwé, ẹ má fi òkun tan ọmọ ọlọ́mọ. Ariwo ni wàhálà tó mọ̀. Tojú omi, ìdákẹ́jẹ́ ni. Wákàtí 4 lẹ́nu iṣẹ́, wákàtí 8 ìsinmi, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Nínú ọkọ̀ wa, ẹni tó láyà jù nígbà ìjì ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí òkun pa rọ́rọ́. Àbúrò, àárín ọ̀pọ̀ èèyàn ni agbára ẹ wà. Ṣé o lè gbé láìsí wọn?

Ìyá Ìbejì, Houston:
Bó o bá lè padà lọ kàwé, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ti ìlú dé ìlú wà níhìn-ín. Ọ̀sẹ̀ 13 ni àdéhùn wọn sábà máa ń jẹ́. Ọ̀nà jìn o. Ẹ bá mi kí Màmá: Dallas tí mo lọ fún ọ̀sẹ̀ 13 ni mo ti pàdé ọkọ mi.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n Atukọ̀, ẹ mú mi rántí ìgbà kòrónà tí wọ́n sé wa mọ́lé, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Mo ti yọwọ́ nínú òkun. Àǹtí Rẹ̀mí, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ṣé wọ́n á gbà mí?

Àǹtí Rẹ̀mí:
Ilé iṣẹ́ tó pọ̀ máa ń béèrè rẹ̀. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, inú omi lo ti máa gun ọkọ̀ rọ́bà, wàá sì fa ẹlòmíì gòkè. Kọ́ ọ kó o tó kọ lẹ́tà kankan.