Báwo ni àgbàrá òjò ṣe lè pẹ́ sí i nínú adágún kí ó tó ṣàn jáde?
Ẹ̀yin tí ẹ ní ìmọ̀ nípa adágún tí a gbẹ́ láti gba àgbàrá òjò, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Nínú èyí tí mo ń bójú tó, ibi tí omi ń gbà wọlé sún mọ́ ibi tí ó ń gbà jáde jù, nítorí náà àgbàrá ń gba ọ̀nà àbùjá kọjá kí ẹrẹ̀ tó ráyè rọ̀ sí ìsàlẹ̀, nígbà tí omi igun kejì dúró sójú kan. Wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn pé kí gígùn ọ̀nà omi tó ìlọ́po 3 ìbú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ tí a lè fi kún un. Ṣé kí n mọ ògiri sí àárín kí omi lè yí gba ọ̀nà jíjìn, àbí kí n kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò sí ẹnu àbáwọlé láti gba iyanrìn? Ògiri ni ọkàn mi fà sí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè sé omi mọ́ ẹ̀yìn nígbà òjò ńlá. Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó ga tó?