Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí ọmọ tó fi ìdí síwájú, báwo ni ìbímọ ṣe máa ń rí?

Ìbéèrè
Mo kí gbogbo ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin agbẹ̀bí. Oyún àkọ́kọ́ mi ti pé ọ̀sẹ̀ 37. Ìdí ọmọ ló wà nísàlẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí dókítà fi ọwọ́ yí i láti orí ikùn, tí orí rẹ̀ sì wá sísàlẹ̀. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹnìkan sọ fún mi pé iṣẹ́ abẹ ṣì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n yí ọmọ wọn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ọmọ náà sì lè tún yí padà?

Ìdáhùn kìíní, láti ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí
Ẹ kú oríire, àbúrò mi. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ wọn kò sọ ọ́ parí. Àwọn ìwádìí tí wọ́n kó jọ fi hàn pé iṣẹ́ abẹ láàárín àwọn tí wọ́n yí ọmọ wọn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àwọn tí orí ọmọ wọn ti wà nísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, yálà nítorí pé ìrọbí kò tẹ̀ síwájú bó ṣe yẹ, tàbí nítorí pé lílù ọkàn ọmọ ń kọ dókítà lóminú. Síbẹ̀, ojú ara ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbà bímọ. Lójú tèmi, àwọn tí ìdí ọmọ wọn ṣì wà nísàlẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi ara yín wé, nítorí pé láti ìgbà tí ìwádìí ńlá kan ti jáde ní ọdún 2000, iṣẹ́ abẹ ni ọ̀pọ̀ dókítà ń yàn fún wọn. Ọmọ tó bá ti yí kì í sábà padà. Kò tó 5 nínú 100.

Ìdáhùn kejì
Ọmọ tèmi yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrọbí wákàtí 16, nígbà tí ẹnu ilé ọmọ kò ṣí mọ́, iṣẹ́ abẹ náà ni wọ́n fi gbé e jáde. Ó pẹ́ tí mo fi ń dá ara mi lẹ́bi, bí ẹni pé asán ni ìrora yíyí náà, nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí fún mi. Inú mi dùn pé ẹ̀yin tètè béèrè.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn yíyí náà nítorí pé ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ O negative. Ṣé ó kan ìrọbí?

Agbẹ̀bí
Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè dà pọ̀ mọ́ ti ìyá díẹ̀ nígbà yíyí, abẹ́rẹ́ náà ni kò ní jẹ́ kí ara yín máa bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà. Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò lẹ́yìn ìbí láti mọ̀ bóyá ẹ tún nílò òmíràn. Bí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n yí ọmọ yìí, kí wọ́n lè kọ́kọ́ wo ibi tí orí rẹ̀ wà. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí omi já, tàbí tí ọmọ kò mira bó ṣe ń ṣe, ẹ má dúró de ìrora kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn.