Wọ́n ra orúkọ ọkọ̀ apẹja mi, wọn ò ra wáráǹtì rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apẹja ẹlẹgbẹ́ mi. Kéèyàn ra ọkọ̀ kékeré tán, kí ilé-iṣẹ́ mìíràn wá ra ilé-iṣẹ́ tó kàn án, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Etí òkun Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí, Houston ni mò ń gbé báyìí, ó ti lé lógún ọdún.

Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà níbí, ẹsẹ̀ bàtà 17 ni, fáíbà ni. Ìdílé kan ló ń kàn án, bàbá àti ọmọ rẹ̀ méjì. N ò ní dárúkọ wọn. Mo dé ọgbà wọn kí n tó sanwó. Bàbá náà fúnra rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fún mi, ó ní kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, torí bó ṣe rí nílé wa nìyẹn: ẹni tó bá kan ọkọ̀ fún bàbá mi, a mọ ilé rẹ̀, a mọ ìyàwó rẹ̀. Bí omi bá ń yọ wọlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la máa wọ́ ọkọ̀ lọ bí ilẹ̀ bá mọ́.

Wáráǹtì ọdún 10 ni wọ́n kọ fún mi lórí ara ọkọ̀, ìyẹn ìlérí pé bó bá bàjẹ́, àwọn á tún un ṣe. Ọdún kẹrin kò tíì pé tí a gbọ́ pé gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, pé ilé-iṣẹ́ mìíràn tó tóbi jù wọ́n lọ ti rà wọ́n. Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà yẹn. Mo rò pé olówó ló gbà wá.

Ní ọdún kẹfà, mo ń fọ ọkọ̀ lẹ́yìn tí mo ti Galveston Bay dé, mo rí ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun níbi tí ẹ́ńjìnnì so kọ́ lẹ́yìn. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fi èékánná ha á. Kò kúrò. Mo rọra gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè, ìlà náà la ẹnu, omi pupa rúsúrúsú ṣàn jáde, ó ń rùn bí igi tó ti jẹrà. Páákó tó wà nínú fáíbà yẹn ti bàjẹ́ pátápátá. Ọmọ mi ọkùnrin wà nínú ọkọ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ lórí kọnkéré, n ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀.

Mo pe àwọn tó ra ilé-iṣẹ́. Arábìnrin tó gbé fóònù ní sùúrù gan-an. Ó gba nọ́ńbà ọkọ̀ mi, ó lọ wò ó, ó padà. Ó ní ohun tí àwọn rà ni orúkọ, mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń da ara ọkọ̀, àti irinṣẹ́. Àwọn ò ra gbèsè, wáráǹtì tí àwọn ti tẹ́lẹ̀ kọ sì wà lára gbèsè náà. Mo ní orúkọ kan náà mà ló wà lára ọkọ̀ tí ẹ̀ ń tà lónìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n má bínú.

Mo bínú, kí n má purọ́. Lọ́yà kan ló là á yé mi: bí wọ́n bá ra ilé-iṣẹ́ tọwọ́-tẹsẹ̀, gbèsè rẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé e, bó bá jẹ́ ẹrù rẹ̀ nìkan ni wọ́n rà, gbèsè sábà máa ń kù sọ́wọ́ ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Genmar, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń kan ọkọ̀, wọ kóòtù nítorí gbèsè ní 2009, Ranger àti Stratos wà lára orúkọ ọkọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ló bọ́ sọ́wọ́ olówó mìíràn. Tèmi kò sí lára ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí eégún tí wọ́n gbé aṣọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn ló rí: aṣọ la mọ̀, a ò mọ ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo wá nọ́ńbà bàbá tó kan ọkọ̀ mi rí. Ọgbà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mọ́ọ̀dù ti lọ. Síbẹ̀ ó rántí ọkọ̀ mi. Ó ní kí n mú bírò. Ó sọ iye ìpele páákó tí àwọn lẹ̀ pọ̀ síbẹ̀ fún mi, ibi tí ayùn gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí n kò gbọ́dọ̀ gé kọjá kí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ má baà ṣí. Ó pè mí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn láti bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ohun tó wà lórí bàbá yẹn, kò sí nínú ẹrù tí wọ́n rà. Àpò mi ni owó àtúnṣe ti jáde. Nígbà tí mo tà á, mo fi ibi tí mo tún ṣe han ẹni tó rà á.

Èyí tí mo ní báyìí, Boston Whaler ẹsẹ̀ bàtà 13 ni, àlòkù. Ẹ lè ní kí ló dé tí mo tún ra èyí tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti yí olówó padà léraléra. Dick Fisher ló gbé e sọ́jà ní Massachusetts ní 1958. Ní 1961 ó jókòó sínú rẹ̀ lójú omi kí wọ́n fi ayùn gé e sí méjì, ìwé ìròyìn Life ya fọ́tò rẹ̀, ó sì wa ìlàjì tó ní ẹ́ńjìnnì lọ. Ó ta ilé-iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ CML Group ní 1969. Reebok, àwọn oníbàtà, rà á ní 1989, Meridian Sports gbà á lọ́wọ́ wọn, Brunswick tó ni ẹ́ńjìnnì Mercury sì rà á ní 1996. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, wọ́n ṣì ń tú fóòmù sáàárín fáíbà méjì, á wú, á sì lẹ̀ mọ́ méjèèjì. Fóòmù yẹn, tí kò jẹ́ kí ìlàjì ọkọ̀ Fisher rì, ni mo fowó rà.

Ẹ̀yin tó ń wá àlòkù, ẹ mú àkísà tútù lọ́wọ́. Ẹ nu apá ọ̀tún ẹ̀yìn ọkọ̀ lókè títí nọ́ńbà rẹ̀ á fi hàn. Láti ìparí 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kó wà níbẹ̀: lẹ́tà àti nọ́ńbà jẹ́ 12, mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ilé-iṣẹ́ tó kàn án (BWC ni ti Whaler), ìparí rẹ̀ sì ń sọ ìgbà tí wọ́n kàn án. Ẹ fi ìgbà náà wé ọjọ́ tí olówó tuntun dé. Bó bá ṣáájú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé àwọn á dáhùn fún un, kí ẹ tó sanwó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tajà kò tó.

Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tí olówó tuntun gbà láti mú ìlérí wáráǹtì àtijọ́ rẹ̀ ṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ kọ sí wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Louisiana ti rí irú ìlà tín-ín-rín yẹn lẹ́yìn ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì tíì pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.