Àmì += ló sọnù nínú Makefile

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Library C kan tó ń dín àwòrán kù ni mo fẹ́ fi Emscripten, irinṣẹ́ tó ń túmọ̀ C, sọ di WebAssembly tí browser lè lò. Mo fi -pthread, àṣẹ tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ thread (ipa iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà) ṣiṣẹ́, kún un kí iṣẹ́ lè yá, ni linker, tó ń so àwọn fáìlì pọ̀, bá fárígá:

wasm-ld: error: --shared-memory is disallowed by resize.o because it was not compiled with 'atomics' or 'bulk-memory' features.

-pthread wà ní ìlà emcc (compiler Emscripten) tó kẹ́yìn, mo fi ojú ara mi rí i. Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò sùn dáadáa.

—

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ojú mi ti rí màbo lórí irú rẹ̀ rí. Tún ohun tí linker sọ kà: ó ti tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà, resize.o ni. Iṣẹ́ méjì ni emcc ń ṣe. Ó ń sọ .c kọ̀ọ̀kan di .o, lẹ́yìn náà ló tó so gbogbo wọn pọ̀ di .wasm. Ibi ìsopọ̀ nìkan ni -pthread rẹ dé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe resize.o, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀pọ̀ thread máa jọ lo memory kan. Inú mi dùn pé linker kọ̀, torí tó bá gbà á, thread méjì lè máa kọ nǹkan sórí ara wọn, àwòrán á máa bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, o ò sì ní mọ ohun tó ń fà á.

Lọ wo Makefile, fáìlì tó ń sọ fún make bó ṣe máa kọ́ nǹkan, inú folder tí resize.c wà. Kí ni wọ́n kọ síwájú CFLAGS, ibi tí àwọn flag (àṣẹ) fún compiler wà?

—

CFLAGS = -O3 ni, ẹ̀gbọ́n. Makefile ti folder òkè ló ní -pthread, mo sì ti export CFLAGS rẹ̀ kó lè dé ti ìsàlẹ̀.

—

Òun náà nìyẹn. Àmì = yẹn ló pa ohun tó ń bọ̀ láti òkè rẹ́. Kọ CFLAGS += -O3.

—

Mo ti yí i padà. Àṣìṣe kan náà ló tún gbé jáde!

—

Ṣe make clean kó pa àwọn .o àtijọ́ rẹ́, kí o sì tún un kọ́. Àsìkò tí wọ́n fọwọ́ kan .c àti .o ni make ń fi wéra, kò mọ̀ pé flag ti yí padà. resize.o àná lo ṣì ń lò.

—

Ó ti kọ́ tán! Ọlọ́run á san yín lóore. Ṣùgbọ́n browser ní SharedArrayBuffer is not defined.

—

Àbúrò, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ compiler mọ́. Nítorí Spectre, àléébù ààbò inú processor, ni àwọn browser ṣe ti SharedArrayBuffer, memory tí àwọn thread jọ ń lò, pa ní 2018. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i padà, wọ́n fi òfin dè é. Kí server rẹ máa fi header méjì yìí ránṣẹ́ pẹ̀lú ojú ewé náà:

Cross-Origin-Opener-Policy: same-origin
Cross-Origin-Embedder-Policy: require-corp

Lẹ́yìn náà, kọ crossOriginIsolated sínú console browser rẹ. Ó gbọ́dọ̀ dáhùn true. Tí àwòrán tó ń ti server ẹlòmíràn wá bá kọ̀ láti ṣí, má bẹ̀rù, ibẹ̀ ni kò tíì yọ̀ǹda rẹ̀.

—

True ló kọ, àǹtí mi. Àwòrán àkọ́kọ́ ti jáde. Ẹ jẹ́ n lọ sùn.