Nun na ọwọ́, fa ò gbà á: ẹ wá sọ ìrírí yín lórí fọ́ǹtì Lárúbáwá

Ọmọ Aáfà, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lórí lẹ́tà kan ṣoṣo.

Bàbá bàbá mi fi ìwé wákà kan sílẹ̀. Anjẹmi ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Tàdáwà ti ń ṣá, ikán sì ti jẹ etí ìwé náà. Mo ní kí n yára tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ilé kéú mọ̀ pé ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn àgbà wa yàtọ̀. Abẹ́ ni wọ́n ń fi dọ́ọ̀tì fa, ìyẹn lẹ́tà "f", sí, dọ́ọ̀tì kan péré ni wọ́n sì ń fi sórí qaf, ìyẹn "k" ti inú ọ̀fun, bí ó ṣe wà nínú Kùránì ti ìlànà Warsh, ọ̀kan lára ọ̀nà tí à ń gbà ké Kùránì. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ní kóòdù fún méjèèjì: U+06A2 fún fa, U+06A7 fún qaf. Mo rí fọ́ǹtì kan, ìyẹn àkójọ àwòrán lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà, tó wù mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Orúkọ kan wà nínú orin náà, Nàfísà. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, nun (lẹ́tà "n") na ọwọ́ sí iwájú, lẹ́tà ya ("y") náà na ọwọ́ sí ẹ̀yìn, fa wá dá dúró gbagidi láàárín wọn, ó gbé ìrù rẹ̀ kalẹ̀, kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́. Mo yọ ètò ìkọ̀wé kúrò, mo fi òmíràn sí i. Fa ò mira.

Ẹni tó ya fọ́ǹtì náà ni ò parí iṣẹ́. Lẹ́tà Lárúbáwá máa ń so mọ́ ara wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ìrísí mẹ́rin: ti àdádúró, ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín, ti ìparí. Mẹ́fà péré ni kì í di èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn mú: alif, dal, dhal, ra, zay àti waw. Fa yìí ò sí lára wọn, ṣùgbọ́n àdádúró nìkan ni wọ́n yà fún un.

Ìwé àṣẹ fọ́ǹtì náà gbà kí èèyàn tún un ṣe, bí mo bá ti lè yí orúkọ rẹ̀ padà. Mo ṣí FontForge, ètò tí a fi ń ya fọ́ǹtì, ọ̀fẹ́ ni. N ò ya nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Fa ti gbogbo ayé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìrísí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo da ara rẹ̀ kọ, mo yọ dọ́ọ̀tì orí, mo fi sí abẹ́, mo sọ wọ́n ní uni06A2.init, uni06A2.medi àti uni06A2.fina. Mo kọ òfin tí yóò máa pààrọ̀ wọn. Mo fi fọ́ǹtì sórí ẹ̀rọ. Pàbó!

Òru méjì gbáko. Àṣé níbi tó yẹ kí n kọ "arab" gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìkọ̀wé, "latn", ìyẹn ti lẹ́tà ABD, ni mo fi síbẹ̀. Èmi ọmọ aáfà! Bí mo ṣe tún un ṣe báyìí, fa gba ọwọ́ nun.

Ó wá ku ìlà funfun tínrín kan ní oríkèé. Apá lẹ́tà gbọ́dọ̀ wọnú èkejì díẹ̀, èmi sì ti gé e kù. Kasra, àmì fáwẹ̀lì "i" tó ń wà lábẹ́ lẹ́tà, náà tún ń gun dọ́ọ̀tì abẹ́ lórí, mo ní láti fún un ní ibùdó tó relẹ̀ sí i.

Alábánà, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó lọ sí i. Bánà wòlímọ̀ ni. Ètò tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kò gbọ́ Lárúbáwá rárá, ńṣe ló ń to lẹ́tà láti òsì lọ sí ọ̀tún, lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní to ẹ̀kọ. Ọgbọ́n tí à ń dá ni pé a máa ń wá ibi tí wọ́n ti ń sọ lẹ́tà di ìrísí tí wọ́n ti gé sílẹ̀, a óò wá lẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ fún lẹ́tà tí gbogbo ayé mọ̀. Ìgbà tí aáfà kan mú orúkọ ọmọ wá pẹ̀lú fa alábẹ́ yẹn ni ọgbọ́n tán. Unicode ò gé ìrísí kankan sílẹ̀ fún fa àti qaf yẹn, inú fọ́ǹtì nìkan ni wọ́n ti lè wá. Ọwọ́ ni mo fi yà á níkẹyìn, mo sì dín owó kù fún wọn.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà, Lọ́ńdọ̀n

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Aáfà, ẹ kú làálàá. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi àmì ìsopọ̀ U+200D sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà náà, lọ́tùn-ún, lósì, tàbí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kò ní hàn, ṣùgbọ́n lẹ́tà yóò rò pé ẹnìkan wà níbẹ̀, yóò sì na ọwọ́. Ẹ óò rí ìrísí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì tẹ odindi ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan: nínú ìwé bàbá bàbá yín, tí fa, qaf tàbí nun bá wà ní ìparí ọ̀rọ̀, ṣé wọ́n ní dọ́ọ̀tì? Tí kò bá sí, kì í ṣe U+06A2 ni ẹ nílò. Unicode 9.0 ti ọdún 2016 fi mẹ́ta kún un fún ọwọ́ ìkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà, láti U+08BB dé U+08BD. Wọ́n máa ń bọ́ dọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní ìparí àti ní àdádúró.

Ọmọ Aáfà, Ìlọrin

Àbúrò, o ò ní jẹ́ n sùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé náà sábẹ́ iná. Mo ti rò pé tàdáwà ló ṣá. Nun mọ́kànlá ní ojú ewé àkọ́kọ́ ló parí ọ̀rọ̀, ọ̀kankan nínú wọn ò ní dọ́ọ̀tì.

Mo ti tún ṣí FontForge.