Ohùn kan kì í dákẹ́ bí mo bá yí ohùn padà lórí pẹ́dà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa MIDI, èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo fi wáyà so kíbọ́ọ̀dù mi mọ́ ẹ̀rọ mìíràn tó ń mú ohùn jáde. Chánẹ́ẹ̀lì 1 ni àwọn méjèèjì wà. Bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ lásán, kò síyọnu. Àmọ́ bí mo bá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà tó ń mú kí ohùn máa dún lọ lẹ́yìn tí mo bá gbé ìka kúrò, tí mo wá yí dùùrù sí fèrè kí n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò, ohùn ti tẹ́lẹ̀ kò ní dákẹ́ mọ́. Àfi kí n pa ẹ̀rọ!

Mo fi kọ̀ǹpútà wo ohun tó ń gba inú wáyà kọjá. Note On 60 (àṣẹ pé kí nóòtì 60 dún) wọlé, velocity (agbára ìtẹ̀) 92. Nígbà tí mo gbé ìka kúrò, mi ò rí Note Off (àṣẹ pé kí nóòtì dákẹ́) kankan. Note On 60 náà ló tún wá, pẹ̀lú velocity 0. Mo mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ibẹ̀ kọ́ ni mo fura sí. CC 64, àṣẹ pẹ́dà, ni. 127 wọlé nígbà tí mo tẹ pẹ́dà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn Program Change (àṣẹ tó ń yí ohùn padà), 0 tó yẹ kó tẹ̀lé e bí mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò kò jáde rárá.

Mo fi CC 123 (àṣẹ pé kí gbogbo nóòtì parí) ránṣẹ́, kò gbọ́. CC 120 (àṣẹ pé kí gbogbo ohùn dákẹ́ lójú ẹsẹ̀) ló pa á, wàì! Ṣé torí pé CC 123 ṣì ń dúró de pẹ́dà ni?

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mú kí CC 64 pẹ̀lú 0 máa ṣáájú Program Change? (Tí mo bá fi Program 10 ránṣẹ́, 11 ló ń ṣí. Ó jọ pé láti 0 ni ọ̀kan nínú wọn ti ń kà, àbí?)